Ṣé Ó Yẹ Kí A Pààrọ̀ Ètò Olùdarí Kọ̀ǹpútà Wa?

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewì tàbí ọ̀rọ̀ ìtàn àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà lórí ètò yìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. Ohun tí ó fà á ni pé àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan kọ ìwé sí olóòtú wa. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà méjìlá ni àwọn ní fún ìkọ́ni, pé Windows 10 ni ó wà lórí gbogbo wọn, àti pé àwọn ti gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti ṣíwọ́ ìtọ́jú rẹ̀. Apá kan nínú wọn ní kí wọ́n gbé tuntun sórí ẹ̀rọ, bí ẹ̀rọ kò bá sì gbà á, kí wọ́n ra ẹ̀rọ mìíràn. Apá kejì ní iṣẹ́ tí àwọn ń fi ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe ń lọ geere, kí ni ẹnì kan tún ń wá káàkiri? Owó kan ṣoṣo tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni èyí tí wọ́n fẹ́ fi ra ìwé sí yàrá ìkàwé. Bí wọ́n bá ná an lórí kọ̀ǹpútà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní rí ìwé tuntun kà fún odidi ọdún kan. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Olùkọ́ èdè ni mí. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà ní akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ èdè Yorùbá, mo sì ti jẹ nínú oyin pípààrọ̀ ètò olùdarí, mo ti jẹ nínú ewúro rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, n óò sọ ohun tí mo mọ̀, n óò sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ni ètò olùdarí?

Kọ̀ǹpútà, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, ní ara, ó sì ní ohun tí ó ń darí ara náà. Irin rẹ̀, ojú rẹ̀ tí a ń wò, pátákó tí a ń tẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí ni ara. Ètò olùdarí kò ṣeé fi ọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n òun ni ó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Ẹ fi í wé ẹmẹsẹ̀ ní ààfin. Àlejò kì í dédé já wọ inú ilé bá ọba. Ẹmẹsẹ̀ ni yóò bèèrè ẹni tí ó jẹ́ àti ohun tí ó bá wá, òun náà ni yóò sì jẹ́ iṣẹ́ fún un. Ètò tí a fi ń tẹ ìwé, èyí tí a fi ń ṣírò máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, àlejò ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ kí ìwé jáde lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ètò olùdarí ni wọ́n ń rán. Bí ẹmẹsẹ̀ bá jẹ́ ọ̀lẹ, iṣẹ́ ààfin yóò falẹ̀. Bí kò bá mọ olè yàtọ̀ sí àlejò, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ilé ọba kò ṣòroó mọ̀.

Windows tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ń ṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Àwọn mìíràn wà. Ilé-iṣẹ́ Apple ní ti rẹ̀ tí ó ń jẹ́ macOS. Èyí tí ó ń jẹ́ Linux sì wà pẹ̀lú, tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, tí ẹnikẹ́ni sì lè lò láìsan kọ́bọ̀. A óò padà sórí rẹ̀ láìpẹ́.

Àtúnṣe yàtọ̀ sí ìpààrọ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé àwọn ènìyàn kì í ya àtúnṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ìpààrọ̀. Bí mo bá lẹ ilé mi níbi tí ó ti sán, àtúnṣe ni mo ṣe. Bí mo bá kó kúrò nínú rẹ̀ lọ sí ilé mìíràn, ìpààrọ̀ ni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, Microsoft a máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn ètò olùdarí tí ó ṣì ń tọ́jú. Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń difá ọrọọrún. Kò sí ẹni tí ó lè kọ irú ètò ńlá bẹ́ẹ̀ kí ó má ní àlàfo kankan. Bí a ti ń rí àlàfo ni a ń dí i.

Ìtumọ̀ pé ìtọ́jú dópin ni pé irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò ní í wá mọ́. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ yóò kú. Windows XP jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2001; ìtọ́jú rẹ̀ dópin ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014. Windows 7 jáde ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2009. Tirẹ̀ dópin ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020. Windows 10 jáde ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2015; ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ó kan òun náà. Ní ọjọ́ kejì ọjọ́ náà, gbogbo ẹ̀rọ tí Windows 10 wà lórí rẹ̀ ṣì tàn, ó ṣì tẹ ìwé, ó ṣì ṣírò. Èyí ni ó mú kí àwọn kan máa sọ pé ìdẹ́rùbà lásán ni gbogbo rẹ̀, pé ẹni tí ó fẹ́ ta ọjà ni ó ń pariwo. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?

Ẹ̀kọ́ ọdún 2017

Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry bẹ́ sílẹ̀. Kì í dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun. Bí ó bá ti wọ ẹ̀rọ kan, a wá àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí ó bá a so pọ̀ kiri. Bí ó bá wọlé tán, a ti gbogbo ìwé tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà pa, a sì kọ ọ́ sí ojú ẹ̀rọ pé kí olówó rẹ̀ san ọ̀ọ́dúnrún dọ́là kí òun tó ṣí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti dé orí kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè bí 150. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ẹ̀ka 236 tí ń ṣàkóso ilé ìwòsàn ìjọba, ó kéré tán 80 ni ó fara gbá nínú rẹ̀. Wọ́n dá àwọn aláìsàn padà sílé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n sún ọjọ́ ìtọ́jú wọn síwájú. Nínú wọn ni àwọn tí ń retí iṣẹ́ abẹ wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sáré sọ pé Windows XP àtijọ́ ni ó fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tú u wò, a rí i pé Windows 7 ni ó wà lórí èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀rọ tí àrùn náà mú, bẹ́ẹ̀ Windows 7 ṣì wà lábẹ́ ìtọ́jú nígbà náà. Àtúnṣe tí yóò dí àlàfo yẹn ti jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún kan náà, nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Àwọn tí ó ni ẹ̀rọ ni kò fi sí i. Ogiri tí kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ogiri wọ̀nyí lanu, amọ̀ tí a ó fi dí i sì wà nílẹ̀, kò sí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ bù ú.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí fà yọ níhìn-ín. Èkíní, ẹni tí ó ra tuntun tí kò sì gba àtúnṣe kò sàn ju ẹni tí ó di àtijọ́ mú lọ. Nítorí náà, kì í ṣe ọjọ́ orí ètò ni ó ń pani, bí kò ṣe àìtọ́jú. Èkejì ni pé ètò tí ìtọ́jú rẹ̀ ti dópin kò ní amọ̀ nílẹ̀ rárá. Bí àlàfo bá yọ lónìí, yóò wà bẹ́ẹ̀ títí láé. Ohun tí ó tún burú níbẹ̀ ni pé Windows tuntun àti ti àtijọ́ jọ ní ohun púpọ̀ nínú. Nígbà tí Microsoft bá dí àlàfo kan lára tuntun, àwọn ọ̀daràn a yẹ àtúnṣe náà wò, wọn a sì mọ ibi tí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ wà lára àtijọ́. Ewu orí Windows 10 tí kò gba ìtọ́jú kì í ṣe ewu ọjọ́ kan. Oṣooṣù ni yóò máa pọ̀ sí i.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Tiwa kì í lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.” Ìyẹn ń dín ewu kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí fláàṣì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń mú wá láti ilé àwọn tí ń bá ènìyàn tẹ̀wé. Ẹnu ọ̀nà ni òun náà.

Tuntun nìkan kọ́ ni ó dára

Síbẹ̀, n kò ní í tìtorí èyí sọ pé kí a máa sáré tẹ̀lé gbogbo ohun tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìtàn Windows fúnra rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Nígbà tí Windows Vista dé ọjà ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2007, ó wúwo jù fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbà náà. Ẹ̀rọ tí ń sáré lábẹ́ XP wá ń rìn bí ìgbín. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kọ̀ ọ́, wọ́n dúró ti XP títí Windows 7 fi dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, Windows 8 yọ bọ́tìnì Start kúrò níbi tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá mọ ọ̀nà wá di àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 2013, Microsoft ti dá bọ́tìnì náà padà nínú Windows 8.1.

Àwọn tí ó dúró ní àkókò wọ̀nyẹn kò pàdánù nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ìdí rẹ̀: XP ṣì wà lábẹ́ ìtọ́jú nígbà tí Vista ń da ayé láàmú; Windows 7 ṣì wà lábẹ́ ìtọ́jú nígbà tí Windows 8 dé. Ọgbọ́n ni kí a dúró nígbà tí ilé tí a wà ṣì ní ẹni tí ń tún un ṣe. Bí ẹni náà bá ti lọ, orúkọ mìíràn ni ìdúró ń jẹ́.

Windows 11 ní tirẹ̀ jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2021. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí ó bá ní Windows 10 tí ó ní àṣẹ, bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá lè gbé e. Níbi gbígbé yìí ni wàhálà wà, nítorí ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ó ń fẹ́ RAM gígábáìtì 4 ó kéré tán, àti àyè ìpamọ́ gígábáìtì 64. Ó tún ń fẹ́ ohun kékeré kan nínú ẹ̀rọ tí ń pa kọ́kọ́rọ́ àṣírí mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Ní ti ọpọlọ ẹ̀rọ, bí ti Intel bá ni, láti ìran kẹjọ, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ọdún 2017, ni ó gbà, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje.

Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí wá sílé. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń rà ní Ìkẹjà àti ní àwọn ọjà wa mìíràn, tòkunbọ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Amẹ́ríkà ti lò ó kí ó tó dé ọwọ́ wa. Púpọ̀ nínú wọn ni ọjọ́ orí wọn ti ju ìwọ̀n tí Windows 11 ń fẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì lágbára fún iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí wọ́n ń fi ọgbọ́n àyínìke gbé Windows 11 sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Microsoft ti sọ pé ẹ̀rọ tí kò bá pé ìwọ̀n kò ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe. Bí a bá tìtorí àtúnṣe kó kúrò nínú ilé àtijọ́, tí a sì kó lọ sí ilé tuntun tí kò ti dá wa lójú pé àtúnṣe yóò wá, kí ni èrè ìrìn náà?

Ohun tí ojú olùkọ́ èdè rí

Nígbà tí mo dé ibi yìí nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wa, olóòtú bi mí pé kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá nínú gbogbo èyí. Ó kàn mí gidigidi, ìtàn kan ni mo sì fi dá a lóhùn.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà kankan. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Bí a bá tẹ “a”, 97 ni ó rí. Ní àtijọ́, ìjókòó 256 péré ni ó wà fún gbogbo lẹ́tà àti àmì. Àwọn lẹ́tà èdè Òyìnbó ti jókòó kún un. Kò sí àyè fún “ẹ”, kò sí fún “ọ”, kò sí fún “ṣ”. Àwọn olùfẹ́ èdè wa wá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n mú ìjókòó lẹ́tà kan tí Yorùbá kò lò, wọ́n sì ya “ẹ” lé e lórí. Ọgbọ́n náà dára níwọ̀n ìgbà tí irú ìyàwòrán lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ẹ̀rọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ yóò gbé jáde ni lẹ́tà àjèjì tí ó ni ìjókòó náà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, mo lọ jókòó ti baba ọdẹ kan, ó sun ìjálá fún mi ní ọjọ́ púpọ̀. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tí Windows 98 wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú irú lẹ́tà tí mo ṣàpèjúwe yìí. Ó lé ní igba ojú ìwé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n pààrọ̀ ètò olùdarí gbogbo kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ wa. Oníṣẹ́ ọwọ́ nu gbogbo ẹ̀rọ mọ́ féfé, ó gbé tuntun sí i, ó sì lọ. Inú wa dùn, ẹ̀rọ ń sáré. Ní ọjọ́ tí mo ṣí ìwé ìjálá mi, mo rí i tí ojú ìwé kún fún àmì tí kì í ṣe ti Yorùbá, tí kì í sì í ṣe ti èdè kankan tí mo mọ̀. Mo ronú pé n óò padà lọ bá baba náà. Wọ́n ní ó ti di ẹni àná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè yìí mọ ohun tí ó wà nínú ewu níbẹ̀. Bí àmì bá sọnù, ta ni yóò sọ fún ẹni tí kò bá baba náà jókòó bóyá ọkọ ni ó pè, tàbí ọkọ́, tàbí ọkọ̀, tàbí ọ̀kọ̀? Mo wá ẹ̀rọ àtijọ́ kiri. Mo rí ọ̀kan níkẹyìn nínú yàrá ẹ̀gbọ́n mi kan nídìí iṣẹ́, Windows 98 wà lórí rẹ̀ síbẹ̀, ìyàwòrán lẹ́tà náà sì wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Mo tẹ ìwé náà jáde sórí pépà, mo sì tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó gbà mí. Nǹkan bí ọgbọ̀n ojú ìwé tí ó wà lórí dísíkì kan tí ó ti bàjẹ́ kò padà mọ́ títí di òní.

Ẹnì kan yóò ní, “Ṣé ẹ rí i báyìí pé ìpààrọ̀ kò dára?” Rárá o. Ohun tí mo fi tún un tẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti ń tẹ ìlànà kan jáde tí à ń pè ní Unicode, tí ó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní ìjókòó tirẹ̀. Níbẹ̀, “ẹ” ń jẹ́ 7865, “ọ” ń jẹ́ 7885, “ṣ” ń jẹ́ 7779, kò sì sí ẹni tí ó lè lé wọn dìde. Àmì ohùn òkè ń jẹ́ 769, ti ìsàlẹ̀ ń jẹ́ 768. Kò sí ìjókòó kan ṣoṣo fún “ọ́”. 7885 ni a óò kọ́kọ́ kọ, kí 769 tó wá gun orí rẹ̀. Iṣẹ́ ètò olùdarí àti ti ìyàwòrán lẹ́tà ni kí àmì yìí jókòó síbi tí ó yẹ. Windows 98 kò mọ èyí ṣe dáadáa. Ti òde òní mọ̀ ọ́n, kódà a lè yan Yorùbá nínú àwọn èdè pátákó ìtẹ̀wé rẹ̀. Ohun tí mo tẹ̀ nígbà náà, bí mo bá fi ránṣẹ́ sí Bàhíà tàbí Lọ́ńdọ̀nù lónìí, bí mo ti kọ ọ́ ni wọn yóò ti rí i.

Nítorí náà, ìpààrọ̀ ni ó fún èdè wa ní ìjókòó. Ìpààrọ̀ tí a ṣe láìwẹ̀yìn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìjálá baba náà lọ́wọ́ mi. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ mìíràn: ní ti kíkọ Yorùbá, ohun tí Windows 10 ń ṣe tó ohun tí olùkọ́ èdè nílò. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé tìtorí èdè ni kí ẹ ṣe ra ẹ̀rọ tuntun, ọjà ni ó ń tà.

Kí ni kí àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí kọ̀ǹpútà méjìlá náà. Ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n má ṣe dúró síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n má sì ṣe fi ọwọ́ kan owó ìwé. Ọ̀nà wà láàárín méjèèjì.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí wọ́n kọ́kọ́ da gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ kọ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: máàkì, ìwé ìdánwò, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n ṣí àwọn ìwé Yorùbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì wò ó bóyá lẹ́tà àtijọ́ ni a fi kọ ọ́. Èyí tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yí i padà sí Unicode kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n pín ẹ̀rọ sí ọ̀nà mẹ́ta. Microsoft ní ètò kékeré kan tí ó ń jẹ́ PC Health Check, tí yóò sọ bóyá ẹ̀rọ kan lè gbé Windows 11. Èyí tí ó bá lè gbé e, kí wọ́n gbé e sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n fi ẹyọ kan ṣe ìdánwò ná. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ̀rọ lè padà sí Windows 10 bí nǹkan kò bá rọgbọ. Ìwọ̀n dátà tí ó ń jẹ ju gígábáìtì 4 lọ. Nítorí náà kí wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀kan sórí fláàṣì gígábáìtì 8, kí wọ́n sì fi ọ̀kan náà ṣe gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n rí i dájú pé iná kò ní í lọ lójijì nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́.

Èyí tí kò lè gbé Windows 11 ni ìpín kejì. Ọ̀nà méjì ni ó wà fún un. Microsoft ṣètò àtúnṣe ààbò tí a lè sanwó fún lẹ́yìn ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé rẹ̀, ọgbọ̀n dọ́là ni wọ́n kéde fún ọdún kan, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026, wọ́n sì fi ọ̀nà ọ̀fẹ́ sí i fún ẹni tí ó bá fi àkáǹtì Microsoft pa ètò ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ sọ́dọ̀ wọn. Fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́, dọ́là 1 ni wọ́n kéde fún ẹ̀rọ kan ní ọdún kìíní, 2 ní ọdún kejì, 4 ní ọdún kẹta. Ìyẹn jẹ́ dọ́là 7 fún ọdún mẹ́ta. Ẹ fi í wé owó ẹ̀rọ tuntun kan. Ọ̀nà kejì ni Linux. Ọ̀fẹ́ ni, kò wúwo, àtúnṣe ń wá, ó sì ní pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá tirẹ̀. Ohun tí yóò ná wọn ni àkókò láti kọ́ ọ, àti pé àwọn ètò kan tí a ṣe fún Windows kò ní í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí ìwé títẹ̀, ìṣirò àti íntánẹ́ẹ̀tì bá ni gbogbo iṣẹ́ wọn, kò sí ìṣòro.

Ìpín kẹta ni ẹ̀rọ tí ètò àtijọ́ kan wà lórí rẹ̀ tí wọn kò lè ṣe láìní in, bí irú ètò ìṣirò máàkì tí a kọ ní ayé ìgbà kan. Windows 11 kò ní irú tí ń ṣiṣẹ́ fún ọpọlọ ẹ̀rọ àtijọ́ oníbíìtì 32, àwọn ètò tí ó ti pẹ́ gan-an kò sì lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, kí fláàṣì akẹ́kọ̀ọ́ má sì dé ibẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ó gbà mí ní ọjọ́ ìjálá.

Ìparí ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin olùwòran wa, àwa tí a jẹ́ olùkọ́ Yorùbá ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí rí kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ìpinnu lórí àkọtọ́ jáde ní ọdún 1974, tí “aiye” di “ayé”, tí “enia” di “ènìyàn”, àwọn àgbà olùkọ́ kan bínú. Wọ́n ní kí ni ó ṣe èyí tí àwọn ti mọ̀? Wàhálà wà níbẹ̀ lóòótọ́, olùkọ́ tún padà di akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n a kò jó ìwé tí a fi àkọtọ́ àtijọ́ kọ. A tọ́jú wọn, a tún púpọ̀ nínú wọn tẹ̀, a ṣì ń kà wọ́n títí di òní olónìí. Ohun tí ó mú kí ìpààrọ̀ náà yọrí sí rere ni pé a ní ìdí kan tí ó ṣe kókó tí a fi ṣe é, a kò sì ju ti ẹ̀yìn nù.

Ìdí yẹn ni kí a máa wá nígbàkígbà tí wọ́n bá ní tuntun dé. Bí ìdí náà bá jẹ́ pé ojú rẹ̀ ń dán, ẹ jẹ́ kí ó kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ń dí àlàfo ogiri wa ti kó lọ, ẹ jẹ́ kí a dìde, ṣùgbọ́n kí a kó ẹrù wa pé kí a tó tilẹ̀kùn. Mo kí àwọn olùkọ́ tí ó kọ ìwé sí wa. Ẹ ra ìwé yín, kí ẹ sì tún ilé yín ṣe.